Àwọn Ọmọ tí a fi Sọfà: Ọ̀rọ̀ lórí Owó Pàjáwìrì fún Ẹ̀kọ́ Ọmọ Tálákà Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò èdè Yorùbá tí kò mọ òwe yìí. Bí a bá bi í léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, yóò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé tọmọdé tàgbà ni wọ́n nílò ara wọn, olùkọ́ yóò sì fún un ní máàkì rẹ̀. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tí ì dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Àdéhùn ni òwe náà ń sọ. Bí ọmọdé bá ti ki ọwọ́ bọ kèrègbè fún àgbà, tí ó bá a mú ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jáde, àgbà ti jẹ ẹ́ ní nǹkan kan nìyẹn. Bí ó bá wá kan ọ̀rọ̀ pẹpẹ, àgbà kò gbọdọ̀ sọ pé apá ń dun òun. Ní ọdún 2020, ọmọdé ki ọwọ́ bọ kèrègbè. Ohun tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni ìṣe àgbà níwájú pẹpẹ.

Ọjọ́ 27, oṣù kejì ọdún náà ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára àlejò ará Ítálì kan tí ó gba Èkó wọlé tí ó sì lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí oṣù kẹta tó parí, a ti ti ilé-ìwé pa, láti orí jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni àṣẹ kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ní Ògùn àti ní Àbújá. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá. Nígbà tí Àjọ UNESCO ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a tilẹ̀kùn mọ́ káàkiri àgbáyé, iye wọn lé ní bílíọ̀nù 1.5. Ìdánwò àṣekágbá ti WAEC tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, púpọ̀ nínú àwọn tí kì í ṣe kíláàsì ìdánwò ni kò fojú kan pátákó ìkọ̀wé títí di oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá.

Ta ni a torí rẹ̀ ti ilé-ìwé? Ìbéèrè yìí ni orí ọ̀rọ̀ wà. Àrùn Kòrónà kì í sábà ṣe ọmọdé léṣe bí ó ti ń ṣe àgbà. Àwọn arúgbó àti àwọn tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ súgà lára ni ó ń pa jù. Ìdí tí a fi lé ọmọ kúrò ní ilé-ìwé ni pé kí ó má baà gbé àrùn náà lọ bá ìyá-ìyá rẹ̀ nílé. Ìdí náà dára. Kò sí ọmọlúwàbí tí yóò sọ pé kí a jẹ́ kí ìyá àgbà kú kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: a gba ohun kan lọ́wọ́ ọmọdé láti fi dáàbò bo àgbà. Ohun tí a gbà náà kì í ṣe ìsinmi ọlidé. Ó tó ìdajì ọdún nínú ìgbà èwe, ìgbà tí ọpọlọ ń gba ẹ̀kọ́ bí ilẹ̀ tútù ṣe ń gba irúgbìn.

Àwọn baba ńlá Yorùbá ní orúkọ fún irú ètò báyìí. Láyé àtijọ́, bí ìnáwó òjijì bá dé bá àgbà, bóyá òkú ni ó fẹ́ sin, bóyá ẹjọ́ ni ó jẹ̀bi, a máa lọ yá owó lọ́wọ́ olówó, a sì fi ọmọ rẹ̀ sọfà. Ọmọ náà ni yóò máa sin olówó ní oko àti nínú ilé. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé orí owó. Ojú owó gan-an kò dín rárá, bí ó ti wù kí ọmọ náà pẹ́ tó nídìí iṣẹ́. Ọjọ́ tí bàbá bá san ojú owó náà tán ni ìwọ̀fà tó bọ́. Ìjọba amúnisìn fi òfin de àṣà náà, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí ó padà wá. Síbẹ̀ ìwọ̀fà ní ìlànà kan tí ó yé gbogbo ènìyàn: a mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè, a mọ ẹni tí a fi dúró fún gbèsè náà, a sì mọ̀ pé ẹni tí ó jẹ gbèsè ni yóò lọ ra ọmọ padà. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé àánú ni bàbá ń ṣe ọmọ ní ọjọ́ tí ó lọ rà á padà.

Ní ọdún 2020, àrùn ni olówó tí ó dé tí ó ń béèrè ẹ̀mí. Ìlú kò ní ohun mìíràn tí yóò fi dúró, ó fi ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ dúró. Tọmọ olówó tọmọ tálákà ni a jọ fi sọfà ní ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú àṣẹ kan náà. Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni ìgbà tí ó kan rírà padà.

Kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì SS 2 kan náà ní agbègbè Mushin ní Èkó. Bàbá ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bàbá náà ti ra kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́, ó ń ra dátà lóṣooṣù, ó ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀, ó sì ti bá olùkọ́ kan ṣe àdéhùn láti máa kọ́ ọmọ náà ní Físíìsì lórí fóònù. Bàbá yìí ti ra ọmọ tirẹ̀ padà. Kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ohun tí ó yẹ kí bàbá ṣe ni ó ṣe. Ìyá ọ̀kejì ń dín àkàrà ní ẹnu-ọ̀nà ilé-ìwé. Ọjọ́ tí a ti ilé-ìwé ni ọjà tirẹ̀ náà tú, nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé ni oníbàárà rẹ̀. Fóònù kan ṣoṣo ni ó wà nínú ilé, èyí kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì tí kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì. Inú yàrá kan ni àwọn márùn-ún ń gbé. Ní oṣù karùn-ún, ọmọbìnrin náà ti ń gbé ọjà lórí kiri àdúgbò, nítorí ẹni tí ebi ń pa kò ní etí ìgbọ́rọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, a ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé fún àwọn méjèèjì bákan náà, àwọn kan sì wí pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Òótọ́ ni pé ìjọba kò káwọ́ gbera. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti amóhùnmáwòrán, àwọn olùkọ́ kan sì ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún rédíò lórúkọ ní èdè Yorùbá ti rí òpin ọgbọ́n rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rò ó fún kíláàsì: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ọmọ tí kò bá lóye bí a ti ń pín ìdá sí ìdá kò lè na ọwọ́ sókè sí asọ̀rọ̀mágbèsì. Olùkọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò lè rí i pé ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn ti ń tòògbé. Kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti iná mànàmáná, tàbí ti bátìrì tí owó rẹ̀ ń bá owó gàrí du àyè nínú àpò ìyá. Ọmọ tí ó ní ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un nílé ni ẹ̀kọ́ orí rédíò ràn lọ́wọ́ jù, èyíinì ni ọmọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Ti oúnjẹ náà wà. Kí àrùn tó dé, ìjọba àpapọ̀ ní ètò kan tí ó ń bọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní kíláàsì kìíní sí ìkẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní N70 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, oúnjẹ yìí ni ó dájú jù lóòjọ́. Títì tí a ti ilé-ìwé ti ìkòkò náà pa. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, a bẹ̀rẹ̀ sí gbé àpò oúnjẹ lọ sí ojúlé àwọn òbí ní Àbújá, Èkó àti Ògùn. Iye owó àpò kan fún ìdílé kan jẹ́ N4,200. Àwọn ènìyàn fi ètò náà ṣe ẹlẹ́yà púpọ̀, wọ́n ń béèrè bí a ti ń bọ́ ọmọ ilé-ìwé nígbà tí ilé-ìwé wà ní títì. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bo ìbéèrè tí ó tóbi jù ú lọ mọ́lẹ̀. Bí a bá fi N70 ṣírò fún ọmọ mẹ́ta nínú ìdílé kan, ogúnjọ́ ilé-ìwé ni N4,200 yóò gbé. Ilé-ìwé wà ní títì ju ogúnjọ́ lọ fíìfíì. Ọmọ kíláàsì kẹrin kò sí nínú ìṣirò náà rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ girama tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé ní ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ tún ètò ìṣúná rẹ̀ ṣe. Nínú àtúnṣe tí a kọ́kọ́ dábàá, owó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ni a fẹ́ gé ju ìdajì lọ, láti bílíọ̀nù 111 ó lé díẹ̀ sí bílíọ̀nù 51 ó lé díẹ̀ náírà. Kí àwọn òǹkàwé fi èyí sọ́kàn. Ọdún tí a fi ẹ̀kọ́ ọmọ dúró fún gbèsè ni ọdún tí a tún ronú láti dín owó ẹ̀kọ́ kù. Ó dà bí ìgbà tí bàbá fi ọmọ sọfà, tí ó wá ń béèrè lọ́wọ́ ìyá pé kí ni wọ́n tún ń fi àwo oúnjẹ ọmọ náà ṣe nílé.

Àwọn tí wọ́n ń tako owó pàjáwìrì fún ẹ̀kọ́ ní àlàyé tí wọ́n ń ṣe, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n ní bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ. Kí a kọ́kọ́ ra oògùn àti ẹ̀rọ ìmí-ẹ̀dùn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn ń ro pé ilé-ìwosàn àti ilé-ìwé ni wọ́n ń jà sí owó kan ṣoṣo. Nínú ìṣúná tí iye rẹ̀ lé ní tírílíọ̀nù 10 náírà, ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì tí ẹnikẹ́ni kò pè wá jẹ́jọ́. Wọ́n tún ní gbogbo ìka kò dọ́gba. Òwe yìí ni a ti lò jù ní ìlòkulò nínú gbogbo òwe Yorùbá. Pé ìka kò dọ́gba jẹ́ ohun tí ojú rí. Kò pàṣẹ pé kí a gé èyí tí ó kúrú. Nígbà tí ẹrù bá sì dé, àti èyí tí ó gùn àti èyí tí ó kúrú ni a jọ fi ń gbé e.

Àlàyé kan wà tí ó lágbára jù ìyẹn lọ, àwọn olùkọ́ sì ni ó yẹ kí wọ́n dá a lóhùn. Nígbà tí èsì WAEC ọdún 2020 jáde, ìdá 65.24 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó yege nínú iṣẹ́ márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ní ọdún 2019 tí kò sí àrùn kankan, ìdá 64.18 ni. Ẹnìkan lè wí pé, ‘Ẹ̀yin tíṣà, ẹ wò ó! A ti ilé-ìwé, àwọn ọmọ sì yege jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ni ẹ tún ń sunkún owó sí?’ Ìbéèrè náà bá ojú mu. Ṣùgbọ́n ta ni èsì ìdánwò ń kà? Ó ń ka ẹni tí ó jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò. Àwọn tí wọ́n ṣe ìdánwò ọdún náà ti lo ọdún méjì ó lé ní girama àgbà kí àrùn tó dé, púpọ̀ nínú wọn ni a sì ti san owó ìdánwò wọn kí a tó tilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń ka ìwé ni ọ̀fìn náà gbẹ́ sílẹ̀ fún. Èsì WAEC ọdún 2020 kò lè sọ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò pín àwọn tí ó yege sí ọmọ alákàrà àti ọmọ òṣìṣẹ́ báǹkì. Ẹni tí kò wá sí ìdánwò kì í fìdí rẹmi. Ó kàn ń pòórá ni.

Ìbéèrè àánú tàbí gbèsè kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán. Bí owó ìrànwọ́ bá jẹ́ àánú, ẹni tí ó ń fún ni ni yóò yan ọjọ́, yóò yan iye, yóò sì yan ẹni tí yóò fún. Ẹni tí ó gbà á yóò dọ̀bálẹ̀, a ó sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gbèsè, ẹni tí a jẹ lè béèrè. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gan-an ń ṣe iyèméjì láàárín àwọn méjèèjì. Apá kejìdínlógún rẹ̀ sọ pé ìjọba yóò pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ‘nígbà tí ó bá ṣe é ṣe’. Gbólóhùn kékeré yìí ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ ìjọba ti gbà sá lọ. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 gbìyànjú láti ti ilẹ̀kùn náà: ó sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan, ó sì ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí yóò gba nínú owó náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìpín tirẹ̀ wá. Ní ìgbà ọ̀pọ̀, ìlànà yìí bójú mu, nítorí kò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ káwọ́ gbera. Ní ọdún àjàkálẹ̀ àrùn, ẹni tí àpò rẹ̀ gbẹ jù ni kò ní lè dé ibi omi.

Àwọn kan yóò wí pé ìlú tí kò lówó kò lè san gbèsè. Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ kalẹ̀. Láti rí owó rẹ̀, a bu owó orí kún owó orí, ṣílè mẹ́wàá àti sísì, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn ará ìlú bínú. Alátakò sọ ọ́ di orin ìdìbò, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀ wọn kò yí i padà. Ọjọ́ 17, oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tí ó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Àwọn tí wọ́n kùn nígbà náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àgbẹ̀ ni wọ́n, owó kò sì sí lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bóyá ni a ó rí ìdílé kan nínú wọn lónìí tí yóò wí pé kí a kó ṣílè mẹ́wàá àti sísì náà padà fún òun, kí a sì gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ òun.

Ó yẹ kí a rántí ẹni tí ó ṣe olórí ìjọba náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1920. Ìgbóná ni ó pa á, àrùn tí Yorùbá ń bẹ̀rù láti pe orúkọ rẹ̀. Ikú náà dá ẹ̀kọ́ ọmọ náà rú. Ó ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ kí ó tó rí owó ilé-ìwé san. Àwọn ènìyàn a máa fi ìtàn yìí kọ́ ọmọ pé kí ó tẹpá mọ́ṣẹ́, pé ẹni tí ó bá fẹ́ yóò là á já. Ẹ̀kọ́ tí Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ rí kọ́ nínú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀, kò pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ òrukàn lọ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ bí òun ti ṣe. Ó ṣètò kí wọ́n má baà nílò rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àánú nìkan. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹta ọdún 2020, Amẹ́ríkà ṣe òfin ìrànwọ́ kan tí ó ya nǹkan bí bílíọ̀nù 14 dọ́là sọ́tọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ya bílíọ̀nù mìíràn sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé kékeré àti girama. Ohun tí ó wúlò jù níbẹ̀ fún wa kì í ṣe iye owó náà, nítorí àpò kò dọ́gba. Ìlànà rẹ̀ ni. Òfin náà là á sílẹ̀ pé ó kéré tán, ìdajì ìpín tí ó bá kan ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, fún oúnjẹ, ilé gbígbé àti ohun èlò ẹ̀kọ́. Ètò náà ní àbùkù tirẹ̀: ìlànà tí ìjọba kọ́kọ́ tẹ̀ lé yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wá láti ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, a kò sì ṣí i sílẹ̀ fún wọn títí di ọdún 2021. Síbẹ̀, ó dáhùn àròyé tí ó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà, pé bí a bá ya owó sọ́tọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni yóò jẹ ẹ́. Bí òfin bá dárúkọ ẹni tí owó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, ìlú mọ ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ìbẹ̀rù olè kì í ṣe ìdí láti má san gbèsè. Ìdí ni láti san án lójú gbogbo ayé.

Nítòsí wa níhìn-ín, Sàró ti rí irú rẹ̀ ṣáájú. Àrùn Ebola ti ilé-ìwé pa níbẹ̀ láti àárín ọdún 2014 títí di oṣù kẹrin ọdún 2015. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, a rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti lóyún. Ìjọba wá fi òfin de àwọn olóyún láti má ṣe wọ kíláàsì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, òfin náà kò sì kúrò títí di oṣù kẹta ọdún 2020. Àwọn ọmọ tí a fi sọfà nìyẹn, tí bàbá dé ọ̀dọ̀ olówó, tí ó wò wọ́n, tí ó ní wọn kì í ṣe tòun mọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì fún àgbáyé mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wí pé kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Ṣùgbọ́n àsìkò tí òjò ti dá ni à ń tún òrùlé ṣe. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè kò le láti lóye: ìwé kan náà tí a fi ń pàṣẹ pé kí a ti ilé-ìwé ni kí a máa fi pàṣẹ owó. Kí ó má ṣeé ṣe fún gómìnà tàbí mínísítà kankan láti buwọ́ lu ọ̀kan láìbuwọ́ lu èkejì. Bí ọmọ bá ń jẹun ní ilé-ìwé, kí oúnjẹ náà tẹ̀ lé e délé ní gbogbo ọjọ́ tí ilẹ̀kùn fi wà ní títì, kì í ṣe ogúnjọ́. Kí a tẹ ẹ̀kọ́ sórí ìwé kí a sì gbé e lọ bá ọmọ tí kò ní fóònù. Kí ìjọba san owó ìdánwò fún ẹni tí òwò ìyá rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Nígbà tí a bá sì ṣílẹ̀kùn, kí owó wà láti fi wá àwọn tí kò padà wá, kí a kọ́ wọn ní àkọ́tún, aboyún wọn àti alágbàṣe wọn.

Wọn yóò béèrè bí a ó ti mọ àwọn ọmọ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn ìbéèrè yìí púpọ̀, nítorí ó máa ń gba ọdún mẹ́ta kí ìgbìmọ̀ tó dáhùn rẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì mọ ìdáhùn rẹ̀. Inú rẹ́jísítà ni ó wà. Láràárọ̀ ni olùkọ́ ń pe orúkọ, láràárọ̀ ni ó ń fa ìlà síwájú ẹni tí ó jẹ́ ‘Wà níbí, sà’ tàbí ‘Wà níbí, mà’. Ó mọ ọmọ tí kì í mú oúnjẹ wá. Ó mọ èyí tí a lé lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹta nítorí owó. Nígbà tí a padà wọlé ní ọdún 2020, ó pe orúkọ kan, kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó pe e lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fa ìlà mìíràn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, rẹ́jísítà ọdún náà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Orúkọ àwọn ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀, àdírẹ́sì ilé wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.